Igi Àjèjì Tí Ń Fa Odò Gbẹ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi ojú kékeré wo igi. Ìrókò olúwéré tí a ń wárí fún, àràbà baba igi, odán ìta ọjà tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti parí ìjà, gbogbo wọn ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí yóò bá gbé àáké ti igi gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò sì ní tako ó, pàápàá ní àkókò yìí tí ẹ̀rọ agégi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwọn igbó ńlá wa di pápá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà ní ìpẹ̀kun Áfíríkà, níbi tí àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ràn ewéko jùlọ ti ń gbé ayùn gun òkè láti lọ gé igi lulẹ̀, tí odò tí ó ti ń kú lọ sì ń tipa bẹ́ẹ̀ sọjí.

Ẹkùn Cape ni mo ń wí, ní Gúúsù Áfíríkà. Igbó ibẹ̀ kì í ṣe igbó kìjikìji bí tiwa. Igi kúkúrú, ewéko eléwé tín-ín-rín àti òdòdó oríṣiríṣi ni ó bo orí òkè wọn, wọ́n sì ń pe àpapọ̀ wọn ní fynbos. Irú ewéko tí ó wà ní ẹkùn náà tó 9,000, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ni kò sì sí ní ibòmíràn lábẹ́ ọ̀run. Ìgbà òtútù ni òjò ibẹ̀ ń rọ̀ jù. Ìgbà ooru a máa gbẹ táútáú. Fynbos ti mọ ìṣe ilẹ̀ yìí láti ayébáyé, omi díẹ̀ ni ó fi ń gbé ayé, èyí tí ó bá sì kù a máa ṣàn láti orí òkè sínú odò, títí dé ìsédò tí àwọn ará Cape Town ń mu omi rẹ̀.

Nígbà tí àwọn òyìnbó tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n rí i pé igi tí a lè là ní pákó kò pọ̀, wọ́n bá mú igi páìnì wá láti òkè òkun. Wọ́n sì kó igi akéṣíà wá láti Ọsirélíà, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri mú. Ète wọn kò burú. Àmọ́ àlejò náà kò dúró sí ibi tí a fi wọ̀ sí. Kòkòrò tí ń jẹ irúgbìn rẹ̀ nílé kò bá a dé, afẹ́fẹ́ sì ń gbé hóró páìnì gun òkè níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Bí iná bá jó òkè, èso rẹ̀ á là, á sì fọ́n hóró sórí eérú.

Páìnì ga, kì í wọ́wé, gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn. Apá kan nínú òjò tí ó yẹ kí ó kan ilẹ̀ ni ó ń gbẹ lórí ewé rẹ̀; èyí tí ó bá ráyè dé ilẹ̀, gbòǹgbò ń fà á tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ti ń wọn omi odò kéékèèké ní àfonífojì Jonkershoek, nítòsí Stellenbosch, wọ́n sì rí i pé bí páìnì ti ń dàgbà ni odò ń dín kù. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ti Mokobulaan, ní Mpumalanga, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Pápá koríko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, odò kékeré kan sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Ní 1969, wọ́n gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì kún un. Nígbà tí ó di ọdún kẹsàn-án, odò náà gbẹ pátápátá. Wọ́n gé igi wọ̀nyí nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 16, síbẹ̀ odò kò padà lójú ẹsẹ̀. Ó tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí kí ó tó ṣàn bí ti àtijọ́, nítorí pé igi náà ti mu omi tí ilẹ̀ tò pamọ́ sí ìsàlẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ní láti kọ́kọ́ mu yó kí ó tó rí èyí tí yóò fún odò.

Àwọn ará Cape Town fi ojú ara wọn rí ohun tí àìtó omi ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, nígbà tí ọ̀dá mú kí ìjọba fi 50 lítà lóòjọ́ dé olúkúlùkù, tí gbogbo ìlú sì ń ka ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi yóò dákẹ́. Ní ọdún náà gan-an ni ẹgbẹ́ The Nature Conservancy ṣírò rẹ̀ pé bí a bá gé igi àjèjì kúrò lórí àwọn òkè tí ń bọ́ ìsédò ìlú náà, omi tí yóò padà láàárín ọdún díẹ̀ yóò tó bílíọ̀nù 55 lítà lọ́dọọdún, èyí tí í ṣe omi tí gbogbo ìlú ń lò fún oṣù méjì.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní 1995, Kader Asmal, mínísítà ọ̀ràn omi nínú ìjọba Mandela, dá ètò Working for Water sílẹ̀, ó sì gba àwọn aláìníṣẹ́ sí i, obìnrin púpọ̀ pẹ̀lú wọn. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò: páìnì tí kò tíì ju orúnkún lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á tu. Èyí tí ó ti dàgbà, wọ́n á gé e sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ka tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jù, kò sì ní rúwé mọ́. Akéṣíà lágídí jù ú lọ. Bí a bá gé e lásán, kùkùté rẹ̀ yóò tún sọ. Nítorí náà, bí ayùn bá ti kúrò lórí kùkùté ni ẹlòmíràn ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún ní oògùn tí wọ́n ti po aró mọ́, kí ojú lè mọ èyí tí a ti kùn yàtọ̀ sí èyí tí a kò tíì kùn. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, okùn ni wọ́n ń so mọ́ ìbàdí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá igi.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Ní Tokai, ní ẹ̀bá Cape Town, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti ń rìn gbẹ̀fẹ́ lábẹ́ òjìji páìnì láti ìgbà èwe wọn gbé ọ̀ràn gígé rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí òjìji nínú oòrùn ganrínganrín kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré, ó sì yẹ kí a bá onílé sọ̀rọ̀ kí a tó gé igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, ní Tokai yìí kan náà, níbi tí wọ́n ti gé páìnì, tí wọ́n sì fi iná sun ilẹ̀, irúgbìn fynbos tí ó ti wà lábẹ́ páìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhù ni ó hù jáde. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ tí a ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tẹ̀wọ̀n ju òjìji lọ.

Ohun tí ó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kì í tán ní ẹ̀ẹ̀kan. Hóró akéṣíà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó hù, nítorí náà àwọn agégi gbọ́dọ̀ máa padà sí orí òkè kan náà léraléra láti tu àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ibi tí owó bá ti tán kí iṣẹ́ tó parí, igi náà a máa padà, a sì máa dí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.