Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kì í Ṣe Ohun À ń Fi Pamọ́ Sínú Àpótí



Bí aboyún bá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, agbẹ̀bí yóò fún un ní oògùn oníhóró kan pé kí ó máa lò ó lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ fi í sínú àpótí. Wọ́n ní ara àwọn le, kí ni àwọn ń fi oògùn ṣe? Ẹ jẹ́ kí á jọ wo ohun tí oògùn náà wà fún.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀?

Ẹ mú páálí rẹ̀, kí ẹ kà á. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ Faransé méjì: « fer » àti « acide folique ».

« Fer » ni irin. Kì í ṣe irin ọkọ́ àti àdá ni à ń wí. Irin tí ó wà nínú oúnjẹ ni, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú kiri ara, bí zémìjàn ti ń gbé èrò. Bí zémìjàn kò bá tó lọ́jọ́ ọjà, èrò á dúró sójú ọ̀nà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, afẹ́fẹ́ kò ní tó ìyá, kò sì ní tó ọmọ inú rẹ̀.

« Acide folique » náà ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ó tún ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀ wọn ń dì pọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń wá oyún béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí oyún tó dé.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó?

Ó máa ń rẹ obìnrin náà. Òòyì ń kọ́ ọ. Bí ó bá rìn díẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dín kù láìsí àmì. Ọjọ́ ìbímọ ni ewu rẹ̀ ń yọjú. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára gbogbo ẹni tí ó ń bímọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lè fara dà á. Ẹni tí tirẹ̀ ti dín kù tẹ́lẹ̀ lè bá a lọ. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.

Báwo ni a ṣe ń lò ó?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lò ó lójoojúmọ́ títí yóò fi bímọ: fer mg 30 sí 60, acide folique mg 0,4. Agbẹ̀bí ni yóò sọ iye hóró tí ó kàn yín.

1. Ẹ fi omi gbé e mì. Ọsàn ń jẹ́ kí ara gba irin dáadáa.
2. Ẹ má fi tíì tàbí kọfí lò ó, wọn kì í jẹ́ kí irin wọ ara.
3. Bí inú bá ń rú yín, ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.
4. Ìgbẹ́ lè dúdú. Ẹ má bẹ̀rù.
5. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ọmọ kékeré bá gbé púpọ̀ mì, ó lè pa á.

Àwọn kan ní ó ń mú ọmọ tóbi jù nínú ìyá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ọmọ kéré jù nígbà tí a bá bí i.

Oúnjẹ ńkọ́?

Ẹ máa jẹ ẹja, ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Nínú ẹ̀wà àti àgbàdo, ohun kan wà tí ó ń di irin mú kí ara má rí i gbà. Bí a bá rẹ ẹ̀wà sínú omi, tí a da omi náà nù, tí a sì jẹ́ kí ògì kan, ohun náà á dín kù. Ẹ sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn, ẹ wọ bàtà lọ sóko: ibà àti aràn inú ń jẹ ẹ̀jẹ̀ run.

Ẹ má ra oògùn yìí lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri ọjà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti gbà á.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ máa bi aboyún yín lálaalẹ́ pé: « Ṣé o ti lo oògùn rẹ? » Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá pé, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.