Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀

Tí wọ́n bá gbé ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti Òkè-Ìmẹ̀sí lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ pé ọmọ náà kì í rí oorun sùn, tàbí pé ẹ̀rù ń bà á láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Ìdí nìyí tí James Varni àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ṣe ìwé ìbéèrè PedsQL: ìbéèrè 23 lórí ara, ọkàn, ẹgbẹ́ àti ilé-ìwé. Wọ́n máa ń kà á sétí ọmọ ọdún 5 sí 7, òun á sì fi ìka tọ́ka sí àwòrán ojú tó bá tirẹ̀ mu.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí ìyá mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni, ìwé òbí sì wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn léraléra pé ìdáhùn òbí àti ti ọmọ kì í sábà dọ́gba, pàápàá lórí ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù. Èrò pọ̀ ní kílíníìkì lóòótọ́, àmọ́ orí bẹ́ǹṣì ni ọmọ àti òbí ti lè dáhùn àwọn ìbéèrè náà kó tó kàn wọ́n. Èyí tó burú jù ni kí ilé-ìwòsàn gba ìwé náà, kí dókítà má sì wò ó.