Bọ́tìnì tó ń pa wifi lára ordi: èwo ló ń pa á ní tòótọ́?

Tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ àwọn ordi àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọ ọjà wa, ẹ ó rí i pé àwọn kan, pàápàá ThinkPad àtijọ́, ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn. Bọ́tìnì wifi ni. Ẹni tó bá tì í á rò pé kò sẹ́ni tó lè gba íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ordi òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká tú u palẹ̀ fún ẹ̀yin ará Avrankou, torí pé nínú ilé púpọ̀, ordi kan ṣoṣo ló gbé ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ àti àkọsílẹ̀ owó èsúsú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, sọ pé ní 2019 wọ́n dojú ohun èlò amí kan tó ń jẹ́ Pegasus kọ fóònù àwọn ará Togo kan. Mgr Benoît Alowonou, bíṣọ́ọ̀bù Kpalimé, wà lára wọn. Père Pierre Chanel Affognon náà wà níbẹ̀. NSO Group, ilé iṣẹ́ kan ní Israel, ló ṣe Pegasus, wọ́n sì ní ìjọba nìkan làwọn ń tà á fún. Ojú WhatsApp ló ń gbà wọlé nígbà náà: wọ́n á pè yín, bí ẹ ò tiẹ̀ gbé e, ó lè wọlé. Fóònù bí 1,400 káàkiri ayé ni WhatsApp sọ pé wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Tó bá ti wọlé, ó lè ka mẹ́sáàjì yín, ó sì lè ṣí míkírò àti kámẹ́rà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kì í ṣe òkè òkun ni Kpalimé wà o. Togo tó bá wa pààlà ni.

Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí á ní: “Èmi á fi tèmi sí mode avion.” Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mode avion tí ẹ ń tẹ̀, àṣẹ lẹ ń pa fún logiciel inú fóònù. Ó dà bí ìgbà tí ẹ jókòó sílé, tí ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ yín lọ ti ṣọ́ọ̀bù. Tí olè bá ti ra ọmọ náà, á padà wá sọ pé “Ọ̀gá, mo ti tì í,” ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí gbayawu. Bẹ́ẹ̀ ni logiciel tó ti bọ́ sọ́wọ́ amí ṣe lè fi àwòrán ọkọ̀ òfuurufú hàn yín, kí wifi ṣì máa ṣiṣẹ́. Kódà láìsí amí, láti 2017, bí ẹ bá tẹ àwòrán wifi nínú centre de contrôle iPhone, ó kàn ń já a kúrò lórí réseau tó wà lórí rẹ̀ ni, wifi fúnra rẹ̀ ò kú.

Bọ́tìnì tó ń gé iná yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹni sọ disjoncteur ilé kalẹ̀ ni: kò sí logiciel tó lè tan án padà, àfi ọwọ́ ènìyàn. Purism, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, fi méjì sára ordi Librem rẹ̀, ọ̀kan fún wifi àti Bluetooth, èkejì fún kámẹ́rà àti míkírò. Fóònù wọn, Librem 5, ní ẹ̀kẹta fún réseau tí a fi ń pè. Ó dára, ṣùgbọ́n ordi náà ju 500,000 fráńkì CFA lọ. Kì í ṣe ọjà wa nìyẹn.

Ti ThinkPad àtijọ́ ńkọ́? Àárín ló wà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe iná ló ń gé. Wáyà kan ló ń gbà sọ fún káàdì wifi pé “dákẹ́,” káàdì sì ń gbọ́. Ó sàn ju mode avion lọ. Ṣùgbọ́n àwọn bọ́tìnì orí clavier tó ní àwòrán èríàl, logiciel lásán ni púpọ̀ nínú wọn.

Ohun tí agbára wa ká rèé. Ẹ ní kí ẹni tó ń tún ordi ṣe yọ káàdì wifi inú rẹ̀. Vis kan tàbí méjì ló sábà mú un. Bluetooth sábà wà lórí káàdì kan náà, òun náà á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ra clé wifi tí a ń tì bọ ihò USB. Bí ẹ bá ń wá íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tì í bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fà á yọ, ẹ fi sápò. Ẹni tó ń fi fóònù pín connexion lè lo câble USB: bó bá ti yọ ọ́, ó parí. Ní ti kámẹ́rà, scotch dúdú tó. Ní 2016, a rí i nínú fọ́tò pé Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, fi irú rẹ̀ bo kámẹ́rà ordi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n scotch ò lè dí etí míkírò dáadáa.

Ẹ má sì jẹ́ kí bọ́tìnì tàn yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ṣí i, ohun tí amí ti kó pamọ́ lè jáde lọ. Ká ní fóònù àwọn ará Togo yẹn ní bọ́tìnì míkírò, ì bá dí etí amí nígbà ìpàdé, kò ní dí ojú rẹ̀ lórí mẹ́sáàjì WhatsApp wọn. Clé USB tí ẹ yá lọ́wọ́ ará cyber náà ń kó kòkòrò wọ ordi láìsí wifi rárá. Nítorí náà, ordi tí ẹ fi ìwé ilẹ̀ àti owó èsúsú sí, ẹ yọ káàdì rẹ̀, ẹ má ki clé ẹni ẹlẹ́ni bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sórí disque dur mìíràn, nílé mìíràn.