Bí Dírẹ́bà Ṣe Ń Di Ọlọ́kọ̀ ní Sábó

Ọkọ̀ akẹ́rù kì í wọ́n ní Sábó Ọ̀yọ́ àti Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò àwọn Hausa ní ìlú méjèèjì. Èyí kó màlúù, èyí kó àlùbọ́sà, òmíràn kó ẹ̀wà bọ̀ láti Òkè Ọya. Àwọn tó ń wà wọ́n pọ̀, àmọ́ àwọn tó ni èyí tí wọ́n ń wà kò tó nǹkan. Ohun tó sì ń fa èyí kọjá owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀.

Títì ni gbogbo òwò agbègbè yìí gbójú lé. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n nígbà tó máa tẹ̀síwájú, Òṣogbo àti Ọ̀fà ló gbà lọ sí Ìlọrin, kò ya Ọ̀yọ́, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1906, ìjọba amúnisìn la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n kà sí ọ̀nà ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ Bedford onípákó rìn ín nígbà tó yá, kó tó kan tírélà.

Mọ́tò bọ́ì ni dírẹ́bà ti ń bẹ̀rẹ̀. Á so tapólì, á dí táyà lórí òkè, á sùn ti ẹrù lóru. Tó bá mọ ọkọ̀ wà, tó gba lísẹ́ńsì kíláàsì G tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, là sílẹ̀ fún tírélà, á máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá wá fọkàn tán an, wọ́n lè jọ ṣe haya pọ́ṣéèsì: á máa wà á, á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwé ọkọ̀ kò sì ní di tirẹ̀ títí gbèsè á fi tán. Bí táyà bẹ́, bí ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, òun ni yóò tún un ṣe; ọjọ́ owó kò ní yẹ̀. Àwọn mìíràn a yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nítorí báńkì kì í sábà dá irú wọn lóhùn.

Ìnáwó ò tán síbẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní 2023, owó adójútòfò tó kéré jù tí òfin béèrè fún ọkọ̀ akẹ́rù jẹ́ 100,000 náírà lọ́dún. Lítà epo dísù kan kò tó 300 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ní 2024 ó ti kọjá 1,000. Nígbà tí náírà sì já wálẹ̀ ní 2023, táyà àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí.

Síbẹ̀, ọkọ̀ tó rí ẹrù kó lọ, tó sì rí kó bọ̀, ń gbé ara rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lófo ló ń jẹ olówó rẹ̀. Ibí ni àwọn alágbàtà Sábó, tó ń bá ọkọ̀ wá ẹrù, ti di pàtàkì. Abner Cohen, tó kọ̀wé lórí Sábó Ìbàdàn ní 1969, fi hàn pé ìfọkàntán ló gbé òwò Hausa ibẹ̀ ró: baba ìsọ̀ á gba àlejò oníṣòwò sílé, á bá a tajà, á sì dúró fún ẹni tó rajà àwìn. Bákan náà ni ti ẹrù ọkọ̀. Ta ló máa gbé àlùbọ́sà olówó iyebíye lé ẹni tí kò ní onídùúró lọ́wọ́?

Ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ti ọlọ́kọ̀ kò tó láti dí àyè onídùúró yìí. NURTW wà fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀, NARTO wà fún àwọn tó ni ọkọ̀. Ẹni tó ń wa ẹyọ ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní wà láàárín méjèèjì. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé tiẹ̀ fòfin de NURTW ní oṣù karùn-ún 2019.

Nítorí náà, kí dírẹ́bà tó san owó àkọ́kọ́ lórí ọkọ̀, kó kọ́kọ́ ka àwọn alágbàtà tó lè gbé ẹrù fún un láìbéèrè onídùúró, ní Sábó, ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn àti ní ọjà Mile 12 l'Ékòó. Bí wọn kò bá tíì tó láti fún un lẹ́rù àlọ àti àbọ̀, kó ṣì máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ná.