Líìgì Gẹ̀ẹ́sì Jí, Tiwa Ṣì Ń Sùn

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu géètì pápá ìṣeré Onikan kò jẹ́ kí n sún mọ́ ibẹ̀. Kò bínú sí mi. Ó kàn fi kóńdó ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀nà tí mo gbà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn aláìsàn ló wà níbí báyìí o, kì í ṣe bọ́ọ̀lù." Àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni. Pápá yìí ti wà láti 1930, ọ̀kan ni nínú àwọn tó dàgbà jù ní Nàìjíríà, orúkọ Mobolaji Johnson ni wọ́n sì ń fi pè é báyìí. Láti òpin oṣù Kẹta ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀dì 110 sínú ọgbà rẹ̀ fún àwọn tí kòrónà bá mú. Níbi tí mo dúró sí lódìkejì títì, mo rí òṣìṣẹ́ ìlera kan nínú aṣọ tó bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń rọra rìn nínú oòrùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni líìgì Gẹ̀ẹ́sì máa padà sórí pápá. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, tí Leicester lu Aston Villa, ni wọn kò ti gbá a mọ́. 100 ọjọ́ ló kọjá láàárín. Òun ni gbogbo ètò eré ìdárayá lórí rédíò ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. NPFL, líìgì tiwa ní Nàìjíríà, ti wà ní títì pa láti ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu bà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jáde: mo fẹ́ mọ ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa wọlé sí.

Mo wọ danfo lọ sí Surulere. Àṣẹ ìjọba ni pé kí ọkọ̀ má kún, nítorí náà ènìyàn méjì-méjì la jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí mẹ́rin máa ń há sí, a sì san owó àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́ tiwa.

Géètì pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Surulere wà ní títì. Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n Algeria ní 1980, tí Muda Lawal fi ẹ̀kẹta lé e, tí a fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má fi ìbàjẹ́ ibẹ̀ kún ẹ̀sùn kòrónà o. Igbó ti hù síbẹ̀ tipẹ́ kí àrùn kankan tó dé. Pápá ìṣeré Teslim Balogun tó dojú kọ ọ́ náà ti ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tó ń sáré ìlera ló kù lẹ́bàá ọgbà, ìbòmú wọn ti sún dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ẹni tí mo wá rí. Adẹ̀yìnmú ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù kan tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kíláàbù NPFL ṣe jẹ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ kíláàbù náà, nítorí pé òun ṣì fẹ́ gba owó òun. Ó sáré yípo lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó jókòó tì mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú, tí mo bá dúró báyìí, ara mi á tutù."

Ó sọ fún mi pé kóòṣì wọn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp: sáré báyìí, fò báyìí, dùbúlẹ̀ kí o gbé ikùn. Ṣùgbọ́n inú ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn ló ń gbé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ló ti ń sá lọ sá bọ̀. Ìyá onílé fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì wá sọ fún un pé ó ń da omi ọbẹ̀ òun nù. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ owó kò pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti jẹ ẹ́ lówó oṣù kí kòrónà tó dé. Ìyẹn kì í ṣe tuntun nínú líìgì wa. Ohun tó ń gbé e ró ni bónọ́ọ̀sì tí wọ́n bá borí àti owó ìrìnàjò tí wọ́n bá lọ gbá bọ́ọ̀lù nílé onílé. Àwọn wọ̀nyẹn, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni wọ́n ń wọlé. Rẹfirí kò fun fèrè, owó kò wọlé, kò sì sí ìlà kan nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ tó sọ ohun tó máa jẹ nígbà tí fèrè bá dákẹ́. Ó ti ń wa Márúwá ẹlẹ́ni láàárọ̀. Ẹsẹ̀ tó fi ń jẹun, orí bíréèkì ló gbé e lé.

Mo bi í léèrè bóyá òun ì bá kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù ká ní líìgì ń lọ nígbà tí àrùn ń jà. Ó dá mi lóhùn pé, "Ṣé bíi Mikel?" John Obi Mikel ló ń sọ. Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí líìgì Tọ́kì ṣì ń lọ láìsí òǹwòran, Mikel kọ ọ́ sórí Instagram pé ọkàn òun kò balẹ̀, pé ó yẹ kí gbogbo ènìyàn wà nílé. Òun àti kíláàbù rẹ̀, Trabzonspor, pín gaàrí ní ọjọ́ 17 oṣù náà, kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n dá líìgì Tọ́kì dúró. "Mikel lówó, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó lówó ló lè sọ pé òun bẹ̀rù." N kò rí èsì fún un.

Ó ní òun ń lọ sí Ajegunle lọ́sàn-án, mo sì bá a lọ. Nínú ọkọ̀ ló ti dárúkọ Ifeanyi George. Ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n ní kí gbogbo agbábọ́ọ̀lù máa lọ sílé, ni ọkọ̀ tí agbábọ́ọ̀lù Enyimba yìí wà nínú rẹ̀ ní ìjàǹbá nítòsí Abudu ní ìpínlẹ̀ Edo, bó ṣe ń bọ̀ ní Èkó. Ó kú, òun àti Emmanuel Ogbu tó jẹ́ ti Remo Stars, pẹ̀lú ẹnì kẹta. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ ìjọba nípa àwọn tí kòrónà pa, ẹ kò ní rí orúkọ wọn níbẹ̀. Ká ní líìgì ń lọ ni, wọn kì bá tí wà lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ yẹn.

Òjò ti rọ̀ ní Ajegunle. Pápá Maracana rin gbindin, omi dúró sí ẹnu ilé góòlù kan, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀tì ń lọ níbi tó gbẹ. Ọkùnrin márùn-ún sí márùn-ún, owó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó jókòó sórí táyà, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá góòlù sáwọ̀n rẹ̀ yóò jáde fún ẹlòmíràn. Mo dá méjì mọ̀ nínú wọn tí mo ti rí rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ NPFL. Kò sí dókítà, kò sí áńbúláǹsì, ilẹ̀ sì ń yọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́ lórúnkún lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn nítorí owó tí kò tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ bàtà Márúwá sílẹ̀, ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù, ó sì wọlé.

Àwọn ọmọdé tó ń wòran kò sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ju ti Odion Ighalo, ọmọ àdúgbò wọn. Tirẹ̀ náà kì í ṣe ìtàn tó rọrùn. Ṣáínà ló wà kí Manchester United tó yá a lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Nítorí ibi tó ti ń bọ̀, wọn kò jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ ibùdó ìgbáradì pẹ̀lú àwọn yòókù. Ibi ìdánrawò taekwondo kan ní Manchester ló ti ń dá gbára dì. Nígbà tó fi máa gbá góòlù tó dùn jù nínú gbogbo èyí tó gbá fún wọn, lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹta ní ìlú Linz ní Austria, kò sí òǹwòran kan lórí àga. Ó fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rán an wọlé, ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló dáhùn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti líìgì Gẹ̀ẹ́sì pa.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn Maracana ṣì wà ní títì nígbà tí alẹ́ ń lẹ́. Wọ́n to bẹ́ǹṣì lé ara wọn. Lára pátákó ìta, ẹfun tí wọ́n fi kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kò tíì parẹ́: Brighton àti Arsenal, Tottenham àti Man U, ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Kẹta. Kò sí èyí tí wọ́n gbá nínú wọn. Alhaji tó ni ibẹ̀ kò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé òun, nítorí náà ó gbé tẹlifíṣàn kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì ní kí a jìnnà síra. A jìnnà síra títí bọ́ọ̀lù fi bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́fà ni Aston Villa àti Sheffield United jáde. Orúkọ wọn kò sí lẹ́yìn aṣọ. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí àwọn ènìyàn dúdú ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Wọ́n fi ariwo òǹwòran tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sábẹ́ eré náà. Màmá kan tó ń ta ẹ̀pà bi wá léèrè ibi tí àwọn tó ń pariwo wà. Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, aṣọ́lé Villa gbé bọ́ọ̀lù mọ́ra kọjá ìlà wọnú àwọ̀n, ẹ̀rọ tó yẹ kó sọ fún rẹfirí kò dún. Bí pápá bá kún ni, ariwo ì bá ti sọ fún un. Òdo sí òdo ló parí.

Ìgbà tí Manchester City gba Arsenal lálejò ni ọ̀rọ̀ adẹ̀yìnmú mi, pé ara máa ń tutù bí ènìyàn bá dúró, di ohun tí mo fojú rí. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, wà lórí pápá, a sì ń hó fún un. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, Granit Xhaka ti farapa, wọ́n gbé e jáde. Kò pẹ́, Pablo Marí náà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kò tíì kọjá, méjì ti lọ. "Ẹ rí i?" ni adẹ̀yìnmú náà sọ. "Wọ́n ní dókítà, wọ́n ní pápá, wọ́n sì ń kọ́ra wọn láti oṣù Karùn-ún. Àwa ńkọ́?" Sterling gbá tiẹ̀ wọlé bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ sinmi. Mo dìde, nítorí aago mẹ́wàá ni kónílé-ó-gbélé alẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ló tètè jí wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tẹlifíṣàn ni. Bí wọn kò bá parí rẹ̀, wọ́n máa dá owó padà, nítorí náà wọ́n rí owó àyẹ̀wò, wọ́n rí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gba kí ènìyàn márùn-ún máa wọlé rọ́pò kí ara má bàa kán. Líìgì wa kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ tó ń lé e nílé. Ìṣirò ni wọ́n fi parí rẹ̀, wọ́n pín àmì tí kíláàbù ní fún iye ìgbà tó ti gbá. Ọ̀sẹ̀ 25 nínú 38 ni wọ́n dé. Plateau United wà lókè, Enyimba tí kò tíì gbá púpọ̀ gòkè, ẹnikẹ́ni kò já.

Irú ìṣirò kan náà ni wọ́n lò fún ìpele kẹta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wycombe Wanderers wà ní ipò kẹjọ, wọ́n ṣírò rẹ̀, ó di ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbá èyí tó kù lórí pápá, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, Adebayo Akinfenwa, ẹni ọdún 38, sì bá wọn ṣẹ́gun Oxford 2-1 ní Wembley tó ṣófo, wọ́n wọ ìpele kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí kíláàbù náà ti wà.

Àwọn obìnrin ni mo káàánú jù. CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, sún ife Áfíríkà àwọn ọkùnrin síwájú di 2022. Ti àwọn obìnrin ti 2020, wọ́n fagi lé e pátápátá. FIFA fún àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún náà, ó fi 500,000 lé e fún bọ́ọ̀lù obìnrin. Adẹ̀yìnmú mi kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni NPFL tó padà, ó lé ní oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní sáà yìí, ẹ ní kí wọ́n ka ìlà tó sọ iye tí wọ́n máa san nígbà tí kò bá sí bọ́ọ̀lù sétígbọ̀ọ́ yín. Bí ìlà náà kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹ tó mú bírò.