Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ń pariwo: ṣé àtúnṣe ni, tàbí ríra òmíràn?

Ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnù àti ní àwọn ìlú mìíràn, iṣẹ́ alágbàfọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan mọ́. Àwọn kan nínú wọn ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, pàápàá àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ti Yúróòpù wá. Ẹ̀rọ náà ń gba ìnira lọ́wọ́ ènìyàn: ó ń fọ aṣọ, ó sì ń fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan lè dé tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ọlọ tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ní ọjọ́ náà, ṣé kí alágbàfọ̀ tún un ṣe ni, tàbí kí ó ra òmíràn? Ẹni tí kò mọ ohun tí ń ké nínú ẹ̀rọ rẹ̀ lè fi owó iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ṣòfò.

Kí ni ó ń ké?

Nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, garawa méjì ni ó wà. Garawa òde, tí a sábà máa ń fi ike ṣe, ni omi ń dúró sí. Kì í yí. Garawa inú, tí a fi irin tí kì í tètè dípẹtà ṣe, ni aṣọ ń wà. Òun ni ó ń yí. Ọ̀pá irin kan wà lẹ́yìn garawa inú. Ó gba ẹ̀yìn garawa òde kọjá, ẹ̀ńjìnì sì ń yí i.

Ibi tí ọ̀pá náà gbà kọjá ni òrùka irin méjì wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rúlúmáàn. Irú rẹ̀ wà ní àárín kẹ̀kẹ́ alùpùpù àwọn zẹ́mìjáàn pẹ̀lú. Hóró irin róbótó-róbótó wà nínú rẹ̀, gíríìsì sì wà lára wọn, kí ọ̀pá náà lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Rọ́bà kékeré kan ni ó ń dènà omi kí ó má baà dé ibẹ̀. Bí rọ́bà yìí bá gbó, omi ọṣẹ yóò yọ́ wọlé, yóò fọ gíríìsì dànù, hóró irin yóò dípẹtà, ariwo yóò sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irin ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́, rọ́bà ni. Bí atúnṣe bá pààrọ̀ irin tí kò pààrọ̀ rọ́bà, omi yóò tún padà wá, ariwo yóò sì tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni ti rúlúmáàn. Owó ẹyọ tàbí bọ́tìnnì tí ó jábọ́ láti inú àpò aṣọ lè há sí ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹ̀rọ tí kò dúró dáadáa lórí ilẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Kí alágbàfọ̀ tó ná owó, ó yẹ kí ó ṣe nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Kí ó yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára iná mànàmáná pátápátá.

2. Kí ó fi ọwọ́ yí garawa inú nígbà tí kò sí aṣọ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń dún bí ìgbà tí iyanrìn wà lábẹ́ ọlọ, rúlúmáàn ti gbó.

3. Kí ó di etí garawa inú mú lókè, kí ó gbé e sókè, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Bí garawa inú nìkan bá ń mì, tí ti òde kò sì bá a lọ, rúlúmáàn kò di ọ̀pá mú mọ́.

4. Kí ó wo ẹ̀yìn garawa òde. Bí omi pupa bí ìpẹtà bá ti ṣàn sílẹ̀ níbẹ̀, rọ́bà kò dènà omi mọ́.

Bí omi bá ti ń kán lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò yẹ kí a tún lò ó kí atúnṣe tó wò ó. Omi tí ó bá kan iná mànàmáná lè pa ènìyàn. Bákan náà, garawa inú tí ó ń mì lè máa ha garawa òde títí yóò fi dá a lu. Nígbà náà, àtúnṣe kékeré ti di ńlá.

Nígbà tí àtúnṣe bá yẹ

Rúlúmáàn méjì àti rọ́bà kan kì í ṣe ẹrù ńlá. Iṣẹ́ tí ó wà nídìí wọn ni ó pọ̀. Atúnṣe yóò tú ẹ̀rọ náà, yóò gbé òkúta sìmẹ́ńtì tí kì í jẹ́ kí ó máa fò kúrò, yóò yọ garawa méjèèjì, yóò sì ṣí ti òde sí méjì. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í. Èkíní: ṣé garawa òde ṣeé ṣí? Bóòtù ni wọ́n fi de àwọn kan. Àwọn mìíràn, ilé iṣẹ́ ti fi iná lẹ ike wọn pọ̀. Ríra odidi garawa ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn irú èyí. Èkejì: báwo ni ọ̀pá irin ti rí? Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, rúlúmáàn tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí ìdáhùn méjèèjì bá dára, ó kù kí a ra ohun tí ó bá a mu. Lára òrùka irin náà ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. Bí àpẹẹrẹ, èyí tí a kọ 6204 sí, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 20, ìbú rẹ̀ láti etí dé etí jẹ́ 47, ó sì nípọn tó 14. Ti 6205 jẹ́ 25, 52 àti 15. Méjèèjì tí ó wà nínú ẹ̀rọ kan sábà máa ń yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà wọn, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó tó lọ sí ọjà, kò ní fi ojú lásán díwọ̀n, a kò sì ní ta ohun tí kò wọlé fún un.

Nígbà tí ríra òmíràn bá yẹ

Bí garawa kò bá ṣeé ṣí, tí ọ̀pá ti jẹ, tàbí tí owó àtúnṣe bá ju ìdajì owó ẹ̀rọ mìíràn tí ó dára lọ, ó sàn kí a ra òmíràn. Ṣùgbọ́n àlòkù mìíràn lè ní àrùn kan náà nínú. Kí alágbàfọ̀ tó sanwó, kí ó yí garawa inú, kí ó gbé etí rẹ̀ sókè, kí ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà títí dé ìgbà tí ó ń fún aṣọ. Nígbà yẹn ni garawa inú lè yí ju ìgbà 1 000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ariwo tí ó fara pamọ́ yóò sì hàn.

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí kì í kó aṣọ kún ẹ̀rọ jù, tí ń tú àpò aṣọ wò, tí ó sì ń fetí sí ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ yí ohùn padà, rọ́bà kan àti òrùka irin méjì ni yóò rà. Ẹni tí ó bá di etí rẹ̀, odidi ẹ̀rọ ni yóò rà.