Kòkòrò Àrùn Tí Ń Bun Ara Wọn Ní Ayẹta

Bí jagunjagun kan bá ní ayẹta lára, ohun ìbẹ̀rù ni fún ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà, tí ayẹta náà yóò sì di ti onítọ̀hún láìjẹ́ pé tirẹ̀ dínkù, ta ni yóò tún máa gbé ìbọn lọ sí irú ogun bẹ́ẹ̀? Bí ọ̀ràn àwọn kòkòrò àrùn ti rí gan-an nìyẹn ní àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé lónìí.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé oògùn ti mọ́ lágbájá lára, pé ìdí nìyẹn tí kò fi ràn án mọ́. Èyí kò tọ̀nà, a sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ tún un ṣe fún àwọn ọmọ. Kì í ṣe ara ènìyàn ni ó ń kọ oògùn apakòkòrò. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Jàpáánì ni àṣírí náà ti tú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìgbẹ́ ọ̀rìn ń dààmú wọn níbẹ̀. (Ọmọ ilẹ̀ náà, Kiyoshi Shiga, ni ó ṣàwárí kòkòrò tí ń fà á ní 1897, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é ní Shigella.) Oògùn sulfa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí idán, kò sì pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi tán. Wọ́n yà sí streptomycin, tetracycline àti chloramphenicol. Nígbà tí ó di 1955, wọ́n rí Shigella tí oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ràn lára aláìsàn kan tí ó ti Hong Kong dé.

Ọ̀ràn yìí rú àwọn onímọ̀ lójú. Lóòótọ́, kòkòrò lè ṣèèṣì yí padà bí ó ti ń bí sí i. Ṣùgbọ́n kí ó ṣèèṣì yí padà lọ́nà mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni pé E. coli, tí ń gbé ìfun olúkúlùkù wa, ni wọ́n bá nínú ìgbẹ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ayẹta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà. Ní 1959, Ochiai àti Akiba pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: bí a bá da oríṣi kòkòrò méjèèjì pọ̀, èyí tí oògùn ń pa tẹ́lẹ̀ yóò gba ayẹta lọ́wọ́ èkejì. Tsutomu Watanabe ti Yunifásítì Keio ni ó kọ àlàyé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, tí gbogbo ayé fi gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀ àbínibí tí kòkòrò fi ń gbé ayé, ó lè ní òrùka kékeré kan tí a ń pè ní plasmid, níbi tí àṣírí ayẹta wà. Kòkòrò méjì yóò so pọ̀. Èyí tí ó ní òrùka yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí èkejì. Ẹni tí ó fúnni kò pàdánù, ẹni tí ó gbà kò jẹ gbèsè, wọn kò sì béèrè ẹ̀yà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ kíyèsí i pé nígbà tí ayẹta mẹ́rin bá wà lórí òrùka kan ṣoṣo, ẹni tí ó lo ẹyọ oògùn kan ń bá kòkòrò pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

Ilé ìwòsàn ni ọjà wọn. Níbẹ̀ ni aláìsàn ti kún, tí ọgbẹ́ ṣí sílẹ̀, tí oògùn lójoojúmọ́ ń pa kòkòrò tí kò ní ayẹta, tí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ó ní. Ọwọ́ tí a kò fọ̀ ni ó ń gbé wọn láti ibùsùn dé ibùsùn.

Colistin wà lára àwọn oògùn tí àwọn dókítà fi pamọ́ de ọjọ́ tí ìyókù bá kùnà. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kéde pé àwọn ti rí ayẹta tirẹ̀ náà lórí òrùka, lára ẹlẹ́dẹ̀ àti lára ènìyàn. Wọ́n ti ń fi oògùn náà sínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ kí ó lè sanra! Ìjọba wọn fi òpin sí i ní 2017.

Àwa náà ńkọ́? Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2022 sọ pé irú kòkòrò wọ̀nyí pa nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ní àgbáyé ní 2019, àti pé apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí ni ikú náà ti pọ̀ jù: bí 27 nínú 100,000 ènìyàn. Síbẹ̀, kápúsù pupa òun ìyeyè ṣì wà lórí àtẹ nínú ọjà, ẹyọ méjì fún inú rírun. A kò fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ àwọn tí ń di gbogbo ẹ̀bi ru mẹ̀kúnnù: ẹni tí kò lówó àyẹ̀wò kò ní ṣàìra ẹyọ méjì. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí ní 2017, ṣùgbọ́n ìwé kì í fọ ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá tún dé àgbàlá yín, ẹ bi í léèrè bóyá omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín, àti bóyá ilé àyẹ̀wò wà níbẹ̀ tí ó lè sọ fún dókítà, kí ó tó kọ oògùn, èyí tí kòkòrò inú aláìsàn náà kò tíì ní ayẹta sí.